Ìfitónilétí àwọn òbí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ìfitónilétí àwọn òbí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà jẹ́ kí àwọn òbí àti alágbàtọ́ mọ bí ọmọ wọn ṣe ń ṣe sí nínú ẹ̀kọ́, bí nǹkan ṣe ń lọ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, àti ohun tí a fẹ́ ṣe kí ilé-ẹ̀kọ́ náà lè dára ju bí ó ti wà lọ. Lára rẹ̀ ni ìwé èsì ìdánwò, ìpàdé òbí àti olùkọ́, ọjọ́ àbẹ̀wò, àti ọ̀rọ̀ ẹnu láàrin olùkọ́ àti òbí. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí bí ó ṣe rí ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àwọn ìlú bí Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ìjàrẹ wà. Ìjàrẹ jẹ́ ìlú kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìgbàrà-Òkè. Olújàrẹ ni orúkọ oyè ọba ìlú náà.

Ìtàn ètò-ẹ̀kọ́ ní agbègbè yìí fi hàn pé níbi tí ìròyìn kò bá ti dé ọ̀dọ̀ òbí dáadáa, ohun rere pàápàá lè di ohun tí wọ́n ń kọ̀.

Ìtàn

Kí ilé-ẹ̀kọ́ ìwé tó dé, ojú àwọn òbí ni ọmọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lóko, lọ́jà àti nínú agboolé. Bí a bá tilẹ̀ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí ahunṣọ, bàbá rẹ̀ lè yà wò ó, kí ó sì bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè bí iṣẹ́ ṣe ń yé e. Èyí ni Yorùbá rí tí wọ́n fi ń sọ pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwé tí àwọn ìjọ ajíhìnrere dá sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún gbé apá kan ẹ̀kọ́ ọmọ kúrò lójú òbí, ó sì fi èdè tí ọ̀pọ̀ òbí kò gbọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti di dandan pé kí ẹnìkan máa mú ìròyìn wá sílé.

Ní oṣù Keje ọdún 1952, S. O. Awókọ̀yà, tí ó jẹ́ Mínísítà Ètò-Ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Michael Adékúnlé Ajáṣin ti Ọ̀wọ̀, tí ó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 1979, wà lára àwọn tí ó ṣe ìpìlẹ̀ ètò náà fún ẹgbẹ́ Action Group. Láti rí owó ná sí i, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bu owó-orí ṣílè 10 àti pẹ́nnì 6 lé ẹni tó ń san owó-orí. A ti ń béèrè owó yìí kí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó ṣí ilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò sì rí ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Àwọn alátakò lo àǹfààní yìí dáadáa. Nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954, NCNC gba ìjókòó 23 nínú 42 ní Ìwọ̀-Oòrùn, Action Group tí ó wà lórí àlééfà níbẹ̀ sì gba 18. Owó-orí ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí àwọn òpìtàn kà sí okùnfà ìjákulẹ̀ náà.

Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955. Nígbà tí àwọn òbí fi ojú ara wọn rí i, wọ́n gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀: iye ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn kúrò ní 456,600 ní ọdún 1954, ó di 811,432 ní ọdún 1955. Ṣùgbọ́n kíláàsì kún àkúnya, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò sì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ariwo pọ̀ pé ẹ̀kọ́ ń jó àjórẹ̀yìn, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan, tí a mọ̀ sí Ìgbìmọ̀ Bánjọ, ní òpin ọdún 1960. Lára ohun tí ìgbìmọ̀ náà tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí okùnfà ni pé kò sí ìfarakanra tó láàrin òbí àti olùkọ́. Ó kà á mọ́ àìtó olùkọ́ tó mọṣẹ́ àti kíláàsì tó pọ̀ jù, kò kà á sí ọ̀rọ̀ kékeré.

Ní oṣù Kínní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, àfi èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ẹ̀rù tí irú ètò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dá ba òbí ni pé ọmọ wọn kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Òfin àti àwọn ìgbìmọ̀

Ètò Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ Gbogbogbò, tí a mọ̀ sí UBE, bẹ̀rẹ̀ ní Sókótó ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, òfin rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2004. Òfin náà sọ pé dandan ni kí òbí rí i pé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ipele àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí ó sì parí wọn. Ìbáwí ni ti ẹni tó bá kọ́kọ́ rú u. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yóò san ₦2,000 tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Òbí tí òfin di irú ẹrù yìí lé lórí kò lè rù ú bí kò bá mọ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ wá sí kíláàsì àti ọjọ́ tí kò wá.

Ẹgbẹ́ méjì ni ó wà láàrin ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ìlú. Èkínní ni Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní PTA. Òbí àti olùkọ́ nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì sábà máa ń ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́, tí a mọ̀ sí SBMC, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dá sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà láti nǹkan bí ọdún 2005. Èyí fẹ̀ ju PTA lọ: aṣojú ọba tàbí baálẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, àwọn obìnrin, oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn tó ti jáde níbẹ̀, PTA, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ni ó ń ní aṣojú nínú rẹ̀.

Àwọn ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà

Ìwé èsì ni ó lókìkí jù. Ó máa ń wá sílé ní òpin sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọdún ẹ̀kọ́, ó sì máa ń fi máàkì, ipò ọmọ nínú kíláàsì, iye ọjọ́ tó wá àti ọ̀rọ̀ olùkọ́ hàn. Àléébù rẹ̀ ni pé ipò kò sọ ohun tí ọmọ mọ̀. Ọmọ lè ṣe ipò kẹta nínú kíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ìwé kà dáadáa. Ìròyìn tó wúlò máa ń dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: kí ni ọmọ yìí lè ṣe, kí ni kò tíì lè ṣe, kí sì ni ilé lè ṣe sí i? Fún àpẹẹrẹ: «Ó lè ka gbólóhùn kúkúrú ní Yorùbá láìsí ìrànlọ́wọ́. Àyọkúrò tó ju ogún lọ kò tíì yé e. Ẹ jẹ́ kí ó máa bá yín ṣírò ṣéńjì nígbà tí ẹ bá ń tajà.»

Ìpàdé PTA ni ọ̀nà kejì. Ibẹ̀ ni a ti ń sọ̀rọ̀ nípa owó, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, ìwà ọmọ àti àtúnṣe ilé. Ọjọ́ àbẹ̀wò ni ẹ̀kẹta, nígbà tí òbí ń jókòó nínú kíláàsì, tí ó ń wo ìwé ọmọ rẹ̀, tí ó sì ń bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ lójú ara wọn.

Ẹ̀kẹrin ni fóònù. Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020 ni lílo WhatsApp láàrin olùkọ́ àti òbí ti túbọ̀ gbilẹ̀. Ohùn tí olùkọ́ gbà sílẹ̀ ní Yorùbá ń ran òbí tí kò mọ̀wé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òbí ni ó ní fóònù tó lè gba WhatsApp, ẹjọ́ ọmọ kan kò sì yẹ ní ohun tí a ń rò lójú gbogbo ẹgbẹ́. Nítorí náà, ìkéde inú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, àwọn ìyálọ́jà, àti akéde ìlú ṣì wúlò.

Ọ̀rọ̀ èdè àti àsìkò

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà fi ń kọ ìwé èsì. Nínú ilé tí òbí kò ti gbọ́ ọ, ọmọ tó ni èsì náà gan-an ni yóò túmọ̀ rẹ̀, ọmọ tí èsì rẹ̀ kò dára kò sì níí fẹ́ tú u délẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò yé àwọn ará Ìjàrẹ, Àkúrẹ́ àti Oǹdó, bí ẹ̀ka-èdè wọn tilẹ̀ yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé oko kòkó, a tún ń rí àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti ilẹ̀ Ìgbìrà, Tífì àti ibòmíràn, tí Yorùbá wọn lè má tó gbọ́ ìpàdé. Fún irú wọn, ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì nínú wọn ni ó yẹ kí ó jẹ́ agbọ̀rọ̀sọ.

Àsìkò náà ní ipa tirẹ̀. Ìkórè kòkó ńlá máa ń bọ́ sí sáà àkọ́kọ́, láàrin oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kejìlá. Ìpàdé tí a pè ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ní àkókò náà, tàbí ní ọjọ́ ọjà, kò lè kún. Nígbà tí òbí kò bá wá, a kì í yára béèrè bóyá àsìkò ni kò bá a mu. A máa ń sọ pé kò ka ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ sí.

Ìròyìn àti àtúnṣe ilé-ẹ̀kọ́

Ìgbìmọ̀ SBMC ni ó yẹ kí ó bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ètò ìdàgbàsókè. Wọ́n á kọ́kọ́ to àwọn ohun tó kù díẹ̀ káàtó lẹ́sẹẹsẹ: òrùlé tó ń jò, àìsí omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin, àwọn ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà ní kíláàsì kẹrin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yan èyí tó ṣe kókó jù, wọ́n á ṣírò owó rẹ̀, wọ́n á sọ ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí. Ètò tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri níbi tí òbí ti lè rí i, pẹ̀lú iye tó wọlé àti iye tí a ná, ń dín ìfura kù. Owó PTA ni ó sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀, nítorí òbí tí a sọ fún pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ fẹ́ mọ ìdí tí a tún fi ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ béèrè ní ọdún 1954.

Ìròyìn kì í sì í lọ sí apá kan ṣoṣo. Òbí ni ó mọ̀ pé ọmọ kò rí iná kàwé lálẹ́, pé odò ń kún ní ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, tàbí pé ẹ̀rù olùkọ́ kan ń bà á. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò fi àyè sílẹ̀ fún òbí láti sọ̀rọ̀ kò lè mọ nǹkan wọ̀nyí.

Ní àwọn ibòmíràn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, ìjábọ̀ Plowden ti ọdún 1967 lórí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rọ àwọn olùkọ́ láti fa òbí mọ́ra. Lónìí, òfin ibẹ̀ sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fi ìjábọ̀ lórí ọmọ ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn alábẹ̀wò Ofsted sì ń tẹ ohun tí wọ́n rí jáde fún gbogbo ènìyàn. Ní Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Kétu àti Sákétẹ́ wà, ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ kó ipa ńlá nígbà tí olùkọ́ ìjọba kò tó: àwọn òbí náà ni wọ́n dáwó jọ láti san owó oṣù fún àwọn olùkọ́ tí wọ́n gbà fúnra wọn.