Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gbé Inú Kọ̀ǹpútà: Ibo Gan-an Ni Àkọsílẹ̀ Owó Wa Wà?

Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá wa kan nínú àwọn aláta dìde, wọ́n ní: "Akọ̀wé, mo san owó ìfipamọ́ mi ní Ọjọ́bọ̀, ẹ sì já rìsíìtì fún mi. Kí ló dé tí ẹ̀rọ yín ní òun ò rí i?" Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí òótọ́ ni ìyá sọ. Mo ti ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀, ó yẹ kí gbogbo wa gbọ́.

Ẹ rántí pé kọ̀ǹpútà wa àtijọ́ kú. Ètò tí a fi ń ṣe àkáǹtì kò gbà láti ṣiṣẹ́ lórí Windows tuntun. Windows XP nìkan ló mọ̀, Microsoft sì ti pa XP tì láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkàrẹ́ ló bá wa fi XP yìí sínú kọ̀ǹpútà tuntun, bí àlejò tí onílé fún ní yàrá kan. Kì í ṣe àrà òní o. IBM ti Amẹ́ríkà ti gbé irú rẹ̀ jáde ní 1972, wọ́n pè é ní VM/370. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo, lójú oníkálùkù òun nìkan ló ni ín, tòun ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀.

Àlejò yìí kò mọ̀ pé àlejò ni òun. Bó bá ti jí, á máa wá ohun èlò: dísìkì dà? Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì dà? Onílé á dá a lóhùn bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí irin kankan! Ètò kan ló ń ṣe bí káàdì àtijọ́ tí XP ti mọ̀ rí. Bí àlejò bá pàṣẹ fún káàdì náà, onílé á gba àṣẹ yẹn, á fi káàdì gidi ṣe é, á wá jíṣẹ́ padà. Dísìkì tí XP rò pé òun ní, fáìlì kan ṣoṣo ni lórí dísìkì onílé.

Ibẹ̀ ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀. Bí XP bá kọ owó yín, á sọ fún dísìkì rẹ̀ pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ gidi. Onílé á ní, "Mo ti kọ ọ́," bẹ́ẹ̀ ó ṣì há a sórí ni, kí iṣẹ́ lè yá. Ó dà bí alájọ tó ní òun ti san owó yín sí báńkì, tí owó ṣì wà lápò rẹ̀. Kì í ṣe olè, ó fẹ́ kó ti ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ kó tó lọ ni. Bí àpò bá wá já sómi lójú ọ̀nà ńkọ́?

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo ń kọ rìsíìtì ọjọ́ náà sínú ẹ̀rọ nígbà tí iná lọ. Bátìrì tó yẹ kó gbé e ró ti gbó, èmi ni mo sì fi falẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀. Onílé kú, ohun tó há sórí bá a lọ. Àkọsílẹ̀ ènìyàn 3 tó kẹ́yìn pòórá, XP kò sì ráhùn rárá, ṣebí wọ́n ti sọ fún un pé iṣẹ́ parí. Ẹ̀dà rìsíìtì àti lẹ́jà ọwọ́ la fi tún un kọ. Kọ́bọ̀ kan kò sọnù.

Ọmọkùnrin náà ti tún un ṣe: onílé kò gbọdọ̀ dáhùn mọ́ títí ohun tí a kọ yóò fi dé orí dísìkì gidi. Ẹ̀rọ á lọ́ra díẹ̀, ẹ mú sùúrù fún wa. Ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì, a ó ti àlejò pa pátápátá, a ó wá ṣe ẹ̀dà fáìlì náà. Bí a bá ṣe ẹ̀dà nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dà ààbọ̀ la lè rí. Ó tún gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́ XP, ó sì yọ floppy tí kò sí ẹni tó ń lò ó. Mo fi rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó sọ fún mi pé ní 2015, Jason Geffner ti CrowdStrike rí àléébù kan nínú floppy àfarawé tó wà nínú ètò QEMU. Àlejò burúkú lè gba ibẹ̀ jáde sí ilé onílé, ihò náà sì ti wà láti 2004.

Bátìrì tuntun ti dé. Ẹni tó bá san owó ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, kó mú rìsíìtì rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, ká jọ wo lẹ́jà.