Awo ni mo máa ń pè é

Wọ́n ní kí n kọ nǹkan nípa bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nínú Ìṣẹ̀ṣe. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ sórí ọdún Ọ̀ṣun àti oúnjẹ ọdún, ṣùgbọ́n ibi yòówù tí mo bá gbé bírò sí, ọ̀rẹ́ mi kan ló ń yọjú. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ti ẹ̀.

N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, wọ́n sì máa ń ka ìwé yìí sí i létí. Awo ni mo máa ń pè é. Awo náà ló máa ń pè mí. Ọmọ ọdún méje làwa méjèèjì nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un láti abúlé wọn wá sílé wa ní Òṣogbo, pé kó wá kọ́ Ifá lọ́dọ̀ Bàbá mi. Ọdún 2005 ni. Mo rántí dáadáa, torí ọdún yẹn náà ni UNESCO kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ ti àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà ilé wa.

Orí ẹní kan náà la ń sùn. Ní ìdájí, Bàbá á ti fi ìrọ́kẹ́ kan ọpọ́n, kò-kò-kò. A mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn, bí kò tilẹ̀ tíì mọ́. Ojú odù mẹ́rìndínlógún la kọ́kọ́ kọ́, bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ lójú ọ̀pẹ̀lẹ̀, láti Èjì Ogbè títí dé Òfún Méjì. Ẹ̀yìn náà la tó kan àwọn ọmọ odù, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 256. Ẹni tó bá ti kọ́ ọ rí mọ̀ pé kì í ṣe Ifá ló ń le fún ọmọdé, oorun ni. Tí mo bá ti gbàgbé ibi tí mo dé, Awo á fi ahọ́n gbé ọ̀rọ̀ tó kàn sí mi létí, wẹ́rẹ́, Bàbá ò ní gbọ́. Ó kéré tán, a rò pé kò gbọ́.

Bàbá kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ tí kò bá sí níbẹ̀. La bá ṣe tiwa. A ṣa ìdérí ìgò mínírà mẹ́jọ níwájú ṣọ́ọ̀bù, Awo fi ìṣó lu wọ́n, a fi okùn ọ̀rá so wọ́n pọ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ìdérí ní inú, ó ní ẹ̀yìn. Kí ló tún kù? Ẹ̀yìn ilé la máa ń jókòó sí, tí à ń dífá fún ewúrẹ́. Ọ̀kan wà tí a ní kó rúbọ, kò rú u. Ọjọ́ kẹta ni mọ́tò pa á. A ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí Bàbá rí nǹkan náà lọ́wọ́ wa, a rò pé ẹgba ti dé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé e sọ sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀wọ́nrín Méjì. Ẹni tó so ó, so ó dáadáa." Ó dá a padà fún wa.

Nǹkan kan wà lára Awo tí a ò kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀. Tí òjò bá pa á, tàbí tí ọyẹ́ bá mú, egungun ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń fi òòlù lù. Àwọn kan ní àbíkú ni, pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pè é. Bàbá mi dá Ifá, wọ́n ṣe ohun tí Ifá ní kí wọ́n ṣe, ó sì sọ fún bàbá Awo pé ibẹ̀ kọ́ ló parí sí, kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ọsibítù ló sọ pé fòníkú-fọ̀ladìde ni. AS ni bàbá, AS ni ìyá. Oyún yòówù tí irú wọn bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń fẹ́ra yín, ẹ má torí pé ẹ ti bi Ifá kí ẹ má lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò o. Mo ti kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, tí àwa ọmọkùnrin ń fi àtòrì na ara wa bí Arugbá ṣe ń lọ sódò, ẹ̀gbẹ́ kan ni Awo máa ń dúró sí. Omi tútù ni ọ̀tá rẹ̀. Èmi ni mo máa ń bu omi odò wá fún un nínú kèrègbè, á gbé e sí oòrùn títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó tó fi bọ́jú. Wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Awo ń se Ọ̀ṣun. "Mò ń tọ́jú ẹ̀ ni," ló máa ń dá wọn lóhùn.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Ní 2008, a wọ JSS1. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tíṣà kan wọlé, ó ní kí àwọn Kìrìsìtẹ́nì bọ́ sápá ọ̀tún fún C.R.S., kí àwọn Mùsùlùmí bọ́ sápá òsì fún I.R.S. Bẹ́ǹṣì ń dún, gbogbo wa dìde. Mo tẹ̀ lé àwọn tó lọ sápá ọ̀tún. Ẹnikẹ́ni ò tì mí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Awo nìkan ló ṣì jókòó.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, Ìṣẹ̀ṣe là ń ṣe nílé wa."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó kíláàsì. Tíṣà wá bi í pé ṣé òun nìkan ni. Ọ̀fun mi gbẹ. Awo ò tiẹ̀ wo apá ibi tí mo wà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Èmi nìkan ni."

Ìdí igi máńgòrò ni wọ́n ní kó máa lọ jókòó sí nígbàkigbà tí iṣẹ́ náà bá wà. Odù ló ń kà níbẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ó ti fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn: èmi ń kọ́ ìtàn Ábúráhámù nínú kíláàsì, òun ń ka Ìwòrì Méjì lábẹ́ igi. Lọ́nà ilé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún Bàbá. A ń kọjá lẹ́bàá ilé Àdùnní Olórìṣà lọ́nà Ìbòkun nígbà náà. Ìyá ṣì wà láyé. January 2009 ni wọ́n tó papò dà, lẹ́ni ọdún 93. Awo na ọwọ́ sí ilé náà, ó ní, "Òyìnbó tó ti Austria wá ò tijú. Èmi tí wọ́n bí sí i ni màá wá tijú?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Èmi ò rí nǹkan kan, Awo. Jẹ́ ká máa lọ."

Kò sì sọ. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń pè é ní "bàbáláwo kékeré," tí wọ́n ń ṣe bí ẹni ń ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó rí mi. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo gbàgbé ibi tí mo dé níwájú Bàbá, mo ń retí ohùn rẹ̀ létí mi. Kò gbà mí. Bàbá ń wò mí, ìtìjú bò mí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó gbà mí, a ò sì sọ ọ́ rárá.

A parí sẹ́kọ́ńdìrì. Mo lọ sí polí. Awo dúró ti Bàbá, ó tún kọ́ fóònù títúnṣe, ó ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan ní Ọjà-Ọba. Ní 2019, lóru ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ìrora náà dé, ó sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá ò sí nílé. Èmi ni mo gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì fún mi ní káàdì pé kí n bá a kọ ọ́: orúkọ, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì. Mo dé ibi ìsìn, mo dúró. Awo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, òógùn bò ó, ó la ojú kan.

"Kọ ọ́ bó ṣe rí, Awo."

Mo kọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá fi ọwọ́ ara mi kọ Ìṣẹ̀ṣe sórí ìwé, orúkọ ẹlòmíì ni mo sì kọ ọ́ sí. Nọ́ọ̀sì kà á, kò sọ nǹkan kan, ó lọ wá ibi tó máa gún un lábẹ́rẹ́ omi. Ọjọ́ mẹ́rin la lò níbẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ karùn-ún, àsìkò tí Bàbá máa ń kan ọpọ́n, ó lọ.

Òkú ọ̀fọ̀ ni. Àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ la gbẹ́ ilẹ̀, ọjọ́ náà la sì sin ín. Ìyá àti bàbá rẹ̀ ò dé ibẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é. Ohun tí àwọn awo ṣe fún un kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú ìwé. Èmi ò sunkún níbẹ̀. Ọjọ́ tí fóònù mi bàjẹ́, tí mo ti rìn dé Ọjà-Ọba kí n tó rántí, ni mo sunkún.

Ní 2023, nígbà tí ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun fún wa ní ọlidé nítorí ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, mo wà nílé. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀: C.R.S., apá ọ̀tún, ẹ̀rín tí mo rín. Bàbá ń jẹ obì rẹ̀ lọ.

"Mo mọ̀."

Mo ní ẹ mọ̀ báwo.

"Ta ló ń tẹ̀ka sí káàdì ìdánwò ẹ? Ẹ̀gbọ́n ẹ ló máa ń kà á fún mi. O gba mọ́kànléláàádọ́rin nínú ẹ̀ nígbà kan." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo fẹ́ bi ọ́. Ọ̀rẹ́ ẹ ló bẹ̀ mí. Ó ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé tó bá yá, wàá sọ ọ́ fúnra ẹ."

JSS2 la wà nígbà tó bẹ̀ wọ́n. Ọmọ ọdún méjìlá ò tíì pé e.

N kò lè dìde nílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Bàbá ní, "Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ìdérí yẹn dà?" Mo ní ó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n gbé e wá. Okùn ọ̀rá náà ti já níbì kan. Bàbá wá okùn míì, ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Ifá, wá jókòó tì í, ó ń bi í pé ṣé èèyàn lè fi dífá fún ewúrẹ́.