Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Ti Kọ́ Bí A Ṣe Ń Wa Dróònù

  

Bí a bá ń bá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ìpàdé láyé ìsinsìnyí, ìbéèrè kan kì í wọ́n níbẹ̀: "Dróònù tí a rà ti dé o. Níbo ni ká ti máa fi kọ́ṣẹ́?" Dróònù ni bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, tí ènìyàn ń dúró nílẹ̀ fi rìmóòtù darí. Òmíràn wà fún yíya àwòrán oko láti òkè, kí ẹ lè tètè rí apá ibi tí ewé àgbàdo ti ń pọ́n. Òmíràn sì gbé táǹkì, ó ń fín oògùn bí pọ́ǹpù tí ẹ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Àwọn kan dá owó jọ rà á. Àwọn mìíràn, ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ránṣẹ́.

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún ara wọn ni pé, "Orí ilẹ̀ bàbá mi ni n ó ti wà á. Ta ni yóò bi mí?" Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ni ẹ jogún, ẹ kò jogún òfurufú tó wà lókè rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣàkóso òfurufú ní Nàìjíríà, ì báà jẹ́ òkè Ìkẹjà, ì báà jẹ́ òkè oko ẹ̀gẹ́ yín.

Ìwé àṣẹ ló ṣáájú

Ọwọ́ ibi méjì ni àṣẹ ti ń wá. Èkíní ni àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, tí a mọ̀ sí NCAA. Èkejì ni ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, tí wọ́n ń pè ní ONSA. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, NCAA kéde pé ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tàbí aládàáni, kò gbọdọ̀ gbé dróònù sókè fún ohunkóhun láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì yìí. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, "fún ohunkóhun" ni wọ́n wí. Wọn kò yọ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sílẹ̀.

Èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun náà wà lábẹ́ òfin. Bí kò bá sí ìwé ONSA tó fàyè gba kíkó o wọlé, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbẹ́sẹ̀ lé e, owó á sì wọgbó. Ẹ sọ fún ọmọ náà kó tó rà á o, kì í ṣe ìgbà tó bá ti dé pápá bàálù tán.

Ọ̀rọ̀ ààbò ló fà á tí wọ́n fi le bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń da ìlú rú náà ti ń lo dróònù. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ológun fòfin de lílo rẹ̀ láìgbàṣẹ ní apá ìlà-oòrùn àríwá orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀dọ̀ tiwa kò tíì dà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wo ẹ̀rọ náà ti yí padà.

Tí ẹ bá bi mí, èmi ò ní gba àgbẹ̀ tó ní sarè mẹ́ta nímọ̀ràn pé kó dá sáré ìwé yìí kiri. Ó gba àkókò, ó sì ń náni lówó. Kí ẹgbẹ́ yín wá iléeṣẹ́ tó ń fi dróònù ṣiṣẹ́ oko, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní wíwà rẹ̀, tí ó ti gba ìwé rẹ̀ tán. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn yín, kí ẹ ka ọjọ́ tí yóò parí. Kí ẹ sì béèrè bóyá àṣẹ náà kan agbègbè yín, àti bóyá ó fàyè gba akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè wá bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín méjì tàbí mẹ́ta lórí ilẹ̀ tiyín. Ẹni tó bá ní "ẹ má da ara yín láàmú nípa ìwé", ẹ yáa dágbére fún un.

Àwọn ará àdúgbò ńkọ́?

Lẹ́yìn ìwé ìjọba àpapọ̀, ẹ lọ rí Baálẹ̀. Ẹ lọ sọ fún àgọ́ ọlọ́pàá tó wà nítòsí, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn gbọ́ ọjọ́ tí ẹ ó lò ó àti wákàtí rẹ̀. Èyí kò rọ́pò àṣẹ NCAA o. Ìdí tí a fi ń ṣe é ni pé láyé ajínigbé yìí, bí ìyá kan tó ń já ewé lóko bá ṣàdédé gbọ́ ohun tó ń kùn bí oyin lókè orí rẹ̀, yóò ju agbọ̀n sílẹ̀, yóò sáré wọ̀lú, kí ẹ tó ṣẹ́jú, àwọn ọlọ́dẹ ti gbé ìbọn jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn darandaran pẹ̀lú, torí ariwo rẹ̀ lè lé màlúù wọ oko olóko.

Ilẹ̀ tó dára fún ìkọ́ṣẹ́

Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá pápá bàálù wà nítòsí. Àwọn tó wà ní agbègbè Aláàkíà ní Ìbàdàn, Ìlọrin, Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì, àti Ìlíṣàn sí Ìpẹru ní Rẹ́mọ, ẹ má tilẹ̀ dá a láṣà láìjẹ́ pé NCAA fọwọ́ sí ibẹ̀ gan-an. Bákan náà ni bárékè ṣọ́jà àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Pápá bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ ni ọkàn àwọn ọ̀dọ́ máa ń kọ́kọ́ lọ sí, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọmọdé kò ní ṣàì pé jọ, abẹ̀bẹ̀ dróònù sì lè gé ìka bí ọ̀bẹ.

Oko àgbàdo tí ẹ ti kórè, tí ẹ ti ro mọ́lẹ̀, ló dára jù. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín yíká kí ẹ tó mú ẹ̀rọ jáde. Kò gbọdọ̀ sí wáyà iná lókè rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín kì í hàn lójú rìmóòtù, ó sì lè gba dróònù lọ́wọ́ olóko. Kí ó jìnnà sí ọ̀nà ọkọ̀, ilé, odò tí wọ́n ń pọn mu, àti ilé oyin. Ẹ má ṣe gbé dróònù sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà onípáànù tàbí táǹkì onírin, nítorí irin máa ń ṣi atọ́nà inú rẹ̀ lọ́nà.

Ẹ wo igi tó ga jù níbẹ̀ dáadáa. Bí dróònù kò bá gbọ́ rìmóòtù mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò gòkè dé ibi gíga tí ẹ ti yàn fún un, yóò wá forí lé ibi tó ti gbéra tààrà. Bí ẹ bá yàn án sí mítà 20, tí ìrókò tó ga ní mítà 40 sì wà láàárín, inú ìrókò ni yóò sùn. Ẹ yàn án kọjá orí igi náà. Ẹ sì dúró kí ẹ̀rọ sọ pé òun ti mọ ibi tí òun wà kí ẹ tó gbé e sókè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní mọ ilé tí yóò padà sí.

Àwòdì náà ń bẹ. Ó máa ń rò pé ẹyẹ bíi tòun ló wá gba àgbègbè òun. Bí ẹ bá rí i tó ń yí po, ẹ rọra sọ dróònù kalẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí atẹ́gùn tó dìde. Ẹ má lọ lọ́jọ́ òjò, tàbí nígbà tí kùrukùru ọyẹ́ bá bo ojú. Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀ kí ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀, torí abẹ̀bẹ̀ yóò fa eruku sínú ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ ti oògùn ni, omi lásán ni kí ẹ bù sínú táǹkì títí ọwọ́ yóò fi mọ́ra. Ẹ má ṣe fi oògùn apakoríko kọ́ṣẹ́ láé. Bí atẹ́gùn bá gbé e dé oko ẹ̀fọ́ aládùúgbò yín, ẹjọ́ dé nìyẹn.

Mítà mẹ́ta sókè tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró sójú kan, kó sọ̀ kalẹ̀, kó tún gbéra, bẹ́ẹ̀ léraléra. Lẹ́yìn náà kó rìn ní igun mẹ́rin bí ebè ilé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ibi tó ń le ni ìgbà tí imú rẹ̀ bá kọjú sí yín: ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti di ọwọ́ òsì yín, bí ìgbà tí ẹ bá ń wo ènìyàn tó dúró níwájú yín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ọ́ mọ́ igi. Ẹ fi ọjọ́ púpọ̀ kọ́ èyí nìkan kí ẹ tó kúrò lórí rẹ̀. Kí ojú yín sì máa rí i nígbà gbogbo. Ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà 400 ni òfin ní kó má kọjá, ṣùgbọ́n kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá lọ síbẹ̀? Mítà mẹ́wàá tó o.

Kí ẹnì kan dúró ti awakọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wò yíká kó sì máa lé ènìyàn sẹ́yìn. Bátìrì kì í pẹ́ tán, pàápàá bí táǹkì bá kún, nítorí náà ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ìkìlọ̀ tó dún. Ẹ jẹ́ kí bátìrì tutù kí ẹ tó tún un já, ẹ má fi í sóòrùn, ẹ má sì já a sílé lóru kí ẹ lọ sùn, torí ó lè gbiná. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ìdajì iná ni kí ẹ fi sílẹ̀ sínú rẹ̀.