Ooru àti Òjò Ńlá Nínú Àsọtẹ́lẹ̀ Ojú Ọjọ́

Àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ni ìròyìn tí àwọn onímọ̀ ń ṣe nípa bí òjò, ooru àti afẹ́fẹ́ yóò ti rí ní ọjọ́ tí ń bọ̀. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí NiMet ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lára ohun tí àjọ náà ń gbé jáde ni àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, èyí tí ó ń sọ ohun tí a lè retí ní òkè Ọya, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, àti ní ìhà gúúsù.

Ohun tí ó máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé àsọtẹ́lẹ̀ kan náà lè sọ pé ooru yóò pọ̀ sí i, kí ó tún sọ pé òjò ńlá yóò rọ̀. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì takora, ṣùgbọ́n wọn kò takora rárá.

Afẹ́fẹ́ ńlá méjì ni ó ń darí ojú ọjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Èkíní ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá; gbígbẹ ni, òun ni ó sì ń mú ọyẹ́ wá. Èkejì ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì wá, ó sì kún fún ọ̀rinrin. Láti nǹkan bí oṣù kẹta ọdún ni afẹ́fẹ́ òkun ti ń ti afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí oòrùn bá mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin yìí yóò fúyẹ́, yóò sì gòkè. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń tutù, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ ń di ìkùukùu, tí ìkùukùu sì ń di òjò. Abájọ tí àwọn ènìyàn fi máa ń sọ pé ooru òjò ni ó ń mú. Bí afẹ́fẹ́ bá sì fi ìwọ̀n Celsius 1 gbóná sí i, ọ̀rinrin tí ó lè gbà yóò fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i.

Ìjì òjò sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá sí ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, bí sátẹ́láìtì bá ti rí i lọ́nà jíjìn, a lè kìlọ̀ fún àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀. Síbẹ̀, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún. Ojoojúmọ́ ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń tún tiwọn ṣe. Bí wọ́n bá sọ pé ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀, tí kò sì rọ̀ ní àdúgbò kan, kì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa. Ó lè ti rọ̀ ní àdúgbò kejì.

Mìlímítà ni a fi ń wọn òjò. Bí òjò 100 mìlímítà bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà 30, tí ó fẹ̀ ní mítà 15, omi rẹ̀ yóò jẹ́ lítà 45,000, èyí tí yóò kún dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 ní ọ̀nà 225. Orí ilẹ̀ ilé kan ṣoṣo nìyẹn. Bí ọ̀nà omi bá ti dí, níbo ni gbogbo rẹ̀ yóò gbà?

Ìlú Ìbàdàn mọ ìdáhùn náà. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì gbé ènìyàn tí ó lé ní 200 lọ. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, àgbàrá tún ṣọṣẹ́ ní ìlú náà, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Ìgbà méjèèjì ni ilé tí a kọ́ sí etí odò àti ìdọ̀tí tí a dà sínú rẹ̀ dá kún ọ̀ràn náà.

Àsọtẹ́lẹ̀ kò lè dá òjò dúró. Ẹni tí ó gbọ́ ọ ni yóò kó ìdọ̀tí kúrò lójú gọ́tà, tí yóò kó ẹbí kúrò létí odò, tí kò sì ní rán ọmọ kọjá nínú àgbàrá. Òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́. Ẹni eji rí leji ń pa.