Kẹ́mò Inú Hóró Tó Ń Yọ́: Ìlàlóye fún Àwọn Aláìsàn Jẹjẹrẹ ní Jos

Ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ní Jos ló ti gbé pólímà, ìyẹn èròjà tí wọ́n so pọ̀ gígùn bí ẹ̀wọ̀n, sínú ara rí láìmọ̀. Òwú tí dókítà fi rán inú wọn, tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n padà wá tú, ara ló tú u palẹ̀ fúnra rẹ̀. Lactic acid àti glycolic acid ni wọ́n fi ń ṣe irú òwú bẹ́ẹ̀, ó sì ti wà lọ́jà láti àwọn ọdún 1970.

Irú pólímà yìí kan náà ló ń gbé oògùn. Zoladex, tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ ikùn ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ pròsítéètì, hóró pólímà ni. Ọjọ́ 28 ni milligram 3.6 inú rẹ̀ fi ń jáde díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ Zoladex kì í ṣe kẹ́mò, ojú sì ń rí i. Hóró nánò, ìyẹn hóró pólímà tín-ín-tín tí wọ́n ń wé kẹ́mò sí, ni ojú kò lè rí: bí a bá to 800 nínú wọn síra, agbára káká ni wọ́n á fi fẹ̀ tó fọ́nrán irun kan.

Kí ló dé tí kẹ́mò fi nílò hóró nánò? Ẹ wo paclitaxel, tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ọmú. Kì í yọ́ sínú omi, nítorí náà wọ́n ń pò ó mọ́ Cremophor, èyí tí wọ́n fi epo lárà ṣe. Cremophor yìí máa ń bá ara àwọn kan jà: ara á yún wọn, èémí á há, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń kọ́kọ́ fún aláìsàn ní dexamethasone kó tó gbé dírípù kọ́. (Kì í ṣe pé ó ń fi àkókò yín ṣòfò.) Ní 2007, Gúúsù Kòríà fọwọ́ sí Genexol-PM, paclitaxel tí wọ́n wé sínú pólímà tó ń yọ́, tí kò ní Cremophor rárá.

Ìrètí tún wà pé hóró nánò á máa kó jọ sínú kókó jẹjẹrẹ, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ máa ń ní àlàfo. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Matsumura àti Maeda ló tọ́ka sí èyí ní Japan ní 1986. Lára eku, ó hàn gbangba. Lára èèyàn, ti oníkálukú yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ BIND Therapeutics ní Amẹ́ríkà wé docetaxel, kẹ́mò mìíràn, sínú hóró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2016, ó lọ sílé ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá kẹ́mò dúró nítorí ike oògùn tí wọ́n kọ “nano” sí lára, ìbáà ṣe ní ọjà Terminus ló ti rí i tàbí lórí fóònù. Kó gbé ike náà lọ bá dókítà rẹ̀ ní ilé ìwòsàn JUTH, ní Lamingo, kó tó lò ó.

Kẹ́mò tí wọ́n wé sí pólímà pàápàá ṣì lè dín agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gbógun ti àrùn kù. Ẹni tó ń gba kẹ́mò, tí ara rẹ̀ gbóná tó 38°C, kó lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru.