Kòkòrò Yìí, Ọ̀dọ̀ Ta Ló Ti Wá?

Bí àǹkárá méjì bá jọra, etí aṣọ lẹ máa ń wò kí ẹ tó mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni labo ń ṣe fún kòkòrò àrùn: wọ́n á ka ADN rẹ̀, ìyẹn àmì ìdílé tó wà nínú rẹ̀, láti mọ ibi tó ti wá.

Ní ọdún 2011, ní ilé ìwòsàn Rosie ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí MRSA, kòkòrò tí ọ̀pọ̀ oògùn kò ràn mọ́, lára àwọn ọmọ tuntun. Wọ́n fọ yàrá wọn mọ́ tónítóní. Ọjọ́ 64 kọjá, ló bá tún yọjú. Wọ́n yẹ òṣìṣẹ́ 154 wò, wọ́n rí ẹnì kan tó gbé e sára. ADN fi hàn pé ti àwọn ọmọ yẹn gan-an ni. Wọ́n tọ́jú ẹni náà.

Ẹni tó gbé kòkòrò lè máà ṣàìsàn rárá. Nítorí náà, bí àwa nọ́ọ̀sì bá fẹ́ fi òwú yẹ imú yín tàbí ti ọmọ wò, ẹ má bínú, a ò fẹ̀sùn kàn yín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọmọ ìkókó, kó kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọwọ́, ìyá àgbà náà ńkọ́!