Tannápoṣó, Òdòdó Ìrọ̀lẹ́

Ọ̀pọ̀ òdòdó tí a ń gbìn sí àyíká ilé kì í dúró de onílé. Ẹni tó bá jáde ní ìdájí, tí kò sì wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú, hibiscus rẹ̀ á ti tanná, á sì ti ká, kó tó ṣí géètì. Ti tannápoṣó kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ooru bá ti ń rọlẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná, á sì wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ó lè má tètè ká láàárọ̀. Lójú tèmi, kò sí òdòdó tó yẹ ilé òṣìṣẹ́ tó o.

Ẹ sún mọ́ ọn wò kó tó ṣí. Ìrudi rẹ̀ gùn, ó wé mọ́ra bí agboòrùn tí a ká. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò tú, tí ẹnu rẹ̀ á fẹ̀, tí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún á yọ síta láàárín rẹ̀. Òmíràn pupa, òmíràn funfun, òmíràn yẹ́lò bí pupa inú ẹyin. Ìdí kan ṣoṣo sì lè ru oríṣiríṣi àwọ̀. Kódà òdòdó kan lè jẹ́ yẹ́lò lápá kan, kó jẹ́ pupa lápá kejì. Ohun tó ń dán lójú wa yìí kì í ṣe ewé òdòdó gan-an, nítorí tannápoṣó kò ní in. Èèpo tó máa ń bo ìrudi lára òdòdó mìíràn ló di aláwọ̀ lára tirẹ̀. Ìbátan rẹ̀ ni bougainvillea tó ń fà lórí fẹ́ǹsì, òun náà sì ń fi ohun tí kì í ṣe òdòdó ṣẹ̀ṣọ́.

Òórùn rẹ̀ máa ń ta sánsán lálẹ́, èyí ló ń pe àwọn àfòpiná ńlá tí ahọ́n wọn gùn tó láti fa oje ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀. Bí àfòpiná kankan kò bá yà, òdòdó náà á tọ́jú ara rẹ̀: bó ṣe ń rọ, fọ́nrán inú rẹ̀ á ká pọ̀, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á kan ibi tó yẹ kó kàn. Hóró kan péré ni òdòdó kọ̀ọ̀kan ń so, dúdú, tó hunjọ, tó jókòó sínú ife kékeré aláwọ̀ ewé. Bí ẹ bá fọ́ ọ, ẹ ó rí lẹ́búlẹ́bú funfun nínú rẹ̀. Àwọn ọmọdé ilẹ̀ Japan máa ń fi í ṣeré bí àtíkè. Ṣùgbọ́n májèlé ni hóró yìí àti gbòǹgbò rẹ̀. Ó ń fa inú rírun àti èébì, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi sẹ́nu.

Ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ló ti wá. Ó ti dé Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Linnaeus, onímọ̀ ewéko, sì sọ ọ́ ní Mirabilis jalapa ní 1753. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni iṣẹ́ Carl Correns, onímọ̀ ewéko ọmọ Jámánì, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1909. Ó lo irú èyí tí ewé rẹ̀ ní àmì funfun. Lára irú rẹ̀, ẹ̀ka kan lè funfun pátápátá, òmíràn á tutù yọ̀yọ̀, òmíràn á sì jẹ́ àdàlù. Ó bu lẹ́búlẹ́bú òdòdó ẹ̀ka kan sí òdòdó ẹ̀ka mìíràn, ó gbin èso wọn, ó sì rí i pé ẹ̀ka tó so hóró ló ń pinnu ewé ọmọ. Ibi yòówù kí lẹ́búlẹ́bú ti wá, kò yí i padà. Èyí tó jogún funfun pátápátá á kú ní kékeré, torí kò ní àwọ̀ ewé tó fi ń ṣe oúnjẹ.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Ẹ rẹ hóró sómi mọ́jú, kí ẹ sì gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, níbi tí oòrùn ń pa tí omi kì í rogún sí. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sáàárín wọn. Ibi tó máa gbé ni kí ẹ gbìn ín sí, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ jìn, ó sì ń wú, kì í fẹ́ kí á lọ́ òun nígbà tó bá dàgbà. Gbòǹgbò yìí ló mú un jẹ́ òdòdó ọlọ́dún púpọ̀. Igi rẹ̀ lè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ rò pé ó ti kú. Ẹ má fà á tu. Òjò àkọ́rọ̀ á jí i. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London ní láti wú gbòǹgbò náà kí yìnyín tó dé, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú iyanrìn gbígbẹ, kí wọ́n tún un gbìn nígbà tí òtútù bá lọ. Ní Houston, ó lè gbé inú ilẹ̀.

Hóró rẹ̀ ń já bọ́ púpọ̀, ó sì ń hù káàkiri, nítorí náà ẹ máa fa èyí tó bá pọ̀ jù tu ní kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi interlock bo gbogbo àgbàlá, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé pálọ̀. Ẹ tọrọ hóró lọ́wọ́ aládùúgbò tó bá ní in, kì í wọ́n.